Igun Àjà Kejì

Nígbà tí wọ́n tún ní kí a yọ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kejì, mo mú òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó tí mo fọwọ́ ara mi kàn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú yọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó jẹ́ igbákejì mi, ẹni tí gbogbo ọgbà ń pè ní Ẹnu-Ayùn nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lílọ bíbọ̀, dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò mí.

Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní bú wọn ni? Ẹ bú wọn díẹ̀, kí èmi náà lè rí nǹkan gbè lẹ́yìn yín."

Mo ní kó di òpó mú kí ògiri má baà wó lé mi lórí.

Ọkọ̀ ogun ojú omi ni a ń kàn nínú ọgbà náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fìrígéètì. Kò tóbi tó àwọn ọkọ̀ ńlá tí ọkọ̀ òfúrufú ń balẹ̀ sí lórí, kò sì kéré bí èyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ etí òkun. Ó ní láti lè lọ jìnnà, kó máa gbọ́ ìró ọkọ̀ abẹ́ omi, kó rí ọ̀tá lójú sánmà kí ọ̀tá tó rí i, kó sì lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni wọ́n fẹ́ kì sínú ikùn irin kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì, epo, omi mímu, ilé ìdáná, ibùsùn, àti àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí yóò máa gbé inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá ti di ẹrù ìrìn àjò sínú àpótí kékeré rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí o bá ti bàtà wọlé lápá kan, ẹ̀wù á yọrí síta lápá kejì.

Nínú gbọ̀ngàn ńlá tó wà létí omi ni àwọn tó ń jó irin pọ̀ ti ń kan ọkọ̀ náà ní ègé ègé. Ègé kọ̀ọ̀kan tó ilé alájà mẹ́ta. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, kíréènì á gbé e, wọ́n á sì jó o mọ́ èyí tó kù bí ẹni ń rán aṣọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gé irin fún ègé kan, àwa á ti kọ́kọ́ kan inú rẹ̀ ní pákó, bí yóò ṣe tóbi gan-an, nínú ilé iṣẹ́ tiwa. Ilé Pákó ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àwọn tí yóò lo ọkọ̀ náà á wá síbẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á nàró, wọ́n á na ọwọ́ sókè, wọ́n á forí gbá ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, a ó sì ṣí i nípò. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà lè fi gbogbo rẹ̀ hàn, èmi náà ti wo inú awò tí wọ́n fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n kókó kì í so sí èèyàn lórí nínú kọ̀ǹpútà.

Igun tó ń fa wàhálà wà láàárín yàrá ẹ̀ńjìnnì àti yàrá ìtọ́jú. Bí iná bá jó ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀, tàbí tí irin já lù ú lẹ́yìn, wọ́n á gbé e gòkè, wọ́n á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kejì, wọ́n á yà sọ́wọ́ òsì ní igun náà, ilẹ̀kùn yàrá ìtọ́jú sì rèé. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, igun yìí fẹ̀ dáadáa. Ìgbà tó yá ni àwọn tó ń rí sí ohun ìjà yí mísáìlì padà sí èyí tó sanra jù. Ihò mísáìlì ti àwọn wáyà sẹ́yìn, wáyà ti ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ àwọn yàrá, ọ̀pá afẹ́fẹ́ ti ògiri wa. Wọ́n ń ti ara wọn bí àwọn èèyàn tó tò sórí ìlà. Àwa tó wà ní ìparí ìlà ò rí ẹni tì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló fún.

Ẹni tó ya àwòrán àjà kejì ni ọmọ mi obìnrin.

Íńjíníà ni. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè, níbi tí fèrèsé ti dojú kọ omi. Nínú ọgbà, Ọ̀gá ló ń pè mí bí gbogbo èèyàn, èmi náà sì ń pè é ní Íńjíníà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ilé la gbé wá síbi iṣẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ náà la gbé lọ sílé. A jọ ń gbé, a jọ ń jẹun, a sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa gáàsì tó fẹ́ tán, gílóòbù tó jó, ta ló kọ́kọ́ fẹ́ wẹ̀. Ti ìyá rẹ̀, a ò mẹ́nu bà á.

Bí ìyàwó mi ṣe kú kò gùn láti sọ. Àjà òkè pátápátá ni ilé wa wà, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì tóóró. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni àìsàn náà dé bá a. Àwọn elétò ìlera gbé sítírẹ́ṣà wá, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sí i, wọ́n fi ìgbànú dè é. Nígbà tí a dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, sítírẹ́ṣà kò yí. Wọ́n gbìyànjú lápá ọ̀tún, wọ́n gbìyànjú lápá òsì. Níkẹyìn wọ́n nà án ró, òun àti sítírẹ́ṣà, bí ẹni ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀. Èmi wà níbi orí, ọmọ mi wà níbi ẹsẹ̀. Ìyàwó mi kérora. Mo wà nítòsí nígbà tó ń bímọ, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ níjọ́ náà. Nílé ìwòsàn, dókítà ṣàlàyé pé ọkàn rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, pé kò sí ọ̀nà tí a lè gbé e gbà tí ì bá yí nǹkan padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àyè tí wọ́n fún mi parí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fún mi ní àwòrán tuntun ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kejì.

Ó yẹ kí n sọ ti aṣojú àwọn ológun ojú omi. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, kì í gbé ohùn sókè, kò sí ohun tí a kàn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹnu-Ayùn ló sọ ọ́ ní Ẹ-Tún-Un-Ṣe. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, Ẹnu-Ayùn á ti nawọ́ sí òòlù. Mi ò lè sọ pé èèyàn burúkú ni. Ó ní ọ̀gá tiẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ náà ní ọ̀gá, kálukú wọn ló sì ń bẹ̀rù ẹni tó wà lókè rẹ̀.

Nígbà tí a parí ògiri náà lọ́tẹ̀ yìí, Ẹ-Tún-Un-Ṣe mú àwọn ọmọ ogun méjì wá fún ìdánwò. Bí òfin ṣe wí, ọ̀nà tí wọn yóò gbé aláìsàn gbà gbọ́dọ̀ gba sítírẹ́ṣà. A ní ère kan fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ líle tí wọ́n kì yẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀, tó wúwo bí ọkùnrin tó jẹun yó. Ọ̀lẹ la sọ ọ́, torí pé láti ọjọ́ tó ti dé kò dìde rí. Láràárọ̀ ni Ẹnu-Ayùn ń kí i pé, "Ọ̀lẹ, ẹ kú ìsinmi o."

Àwọn ọmọ ogun náà gbé Ọ̀lẹ, wọ́n dé igun, wọ́n há síbẹ̀. Wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n tún bọ̀, orí sítírẹ́ṣà gbá ògiri, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbá òpó. Wọ́n wo ojú ara wọn. Ni ọ̀kan bá tẹ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, èkejì gbé orí sókè, wọ́n na Ọ̀lẹ ró gbọnrangandan. Yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ ya sísàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Wọ́n yí i bírí, wọ́n kọjá.

Ẹ-Tún-Un-Ṣe mi orí. "Ó kọjá," ló wí. Àkọ́kọ́ rèé tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ta ló kọjá?"

"Sítírẹ́ṣà, Bàbá. Ohun tí òfin béèrè nìyẹn."

"Yẹ̀pẹ̀ ni ẹ nà ró, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ ńkọ́?"

Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òfin sọ pé kó kọjá, kò sọ bí yóò ṣe kọjá. Ó ní bí mísáìlì yẹn ò bá sí níbẹ̀, ọkọ̀ yóò rì kí ẹnikẹ́ni tó ráyè gbé aláìsàn, àtẹni tó ní egungun àtẹni tí kò ní. Mi ò rí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tó sì bí mi nínú jù nìyẹn.

Mo yíjú sí ọmọ mi, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. "Íńjíníà, kí lẹ̀yin rí sí i?"

Nígbà tí bàbá bá dojú kọ ọmọ tó bí, tó ń pè é ní ẹ̀yin, ẹni tó gbọ́n á wá ibòmíràn wò. Ẹnu-Ayùn gbójú sókè, ó ń yẹ òrùlé wò bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ọmọ mi ní kọ̀ǹpútà náà fi hàn pé ó kọjá. Ó ní òun ti béèrè pé kí wọ́n ṣún ọ̀pá afẹ́fẹ́, wọ́n ò gbà. Òun tún padà béèrè, wọ́n ò dá òun lóhùn. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gé irin, àti pé bí ògiri kan bá ṣún báyìí, gbogbo àjà ló máa ṣún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìkéde ní ibùdókọ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá yín ṣe kọjá."

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lẹ́nu mi, kò sì sí òòlù tó lè fà á yọ. Ọmọ mi ká àwòrán rẹ̀, ó kí Ẹ-Tún-Un-Ṣe pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ẹ-Tún-Un-Ṣe bi Ẹnu-Ayùn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹnu-Ayùn, tó máa ń ní èsì fún ìkíni tí wọn ò tíì kí i, ní òun ò mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ a jẹun. Ó ń fọ abọ́, ó kẹ̀yìn sí mi.

Ó ní, "Kì í ṣe kọ́nà yẹn ló pa ìyá mi."

"Mi ò sọ pé ó pa á. Ohun tí mo sọ ni pé ó kérora."

Ó pa omi. Ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gbọ́ ọ," ló wí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gé irin, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn ọ̀gá. Olórí Ilé Pákó ní tòun ni kí òun kan ohun tí wọ́n bá yà. Àwọn tó ń yàwòrán ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ohun ìjà ni kí n lọ. Àwọn yẹn ní ìjọba ló mú mísáìlì, kì í ṣe àwọn. Ẹni tó ni ọ̀pá afẹ́fẹ́ fi hàn mí pé òun gan-an lẹni tí wọ́n fìyà jẹ jù, ó ya àwòrán bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀ fún mi, àánú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí. Gbogbo wọn ló gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kí n jókòó, wọ́n á kí mi kú àmúmọ́ra, wọ́n á béèrè bí ara ọmọ ti rí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kò ṣeé ṣe. Ó dé ibì kan tó jẹ́ pé bí mo bá ti gbọ́ "ẹ kú àmúmọ́ra" báyìí, mo ti mọ̀ pé kí n máa dìde.

Ọ̀gá tó ga jù nínú wọn ló fún mi ní ìdáhùn tó yàtọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ kàn ní irú kan náà. Ó ní a ó tún igun náà ṣe láti orí ìkẹta, torí pé irin àwọn méjì àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìgé. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bi í bóyá ẹ̀yìn àwọn tí yóò wọ ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́ máa ń tẹ̀ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo padà dé Ilé Pákó, mo yọ ìgbànú ara Ọ̀lẹ, mo yí i sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sórí sítírẹ́ṣà náà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo ní kí Ẹnu-Ayùn pe ẹnì kan wá, kí wọ́n gbé mi. Mi ò ní èrò kankan lọ́kàn. Bóyá mo kàn fẹ́ kí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnu-Ayùn ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n máa pè yín ní Ọ̀lẹ ni?"

"Gbé mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn alóòlù wa ló mú ìsàlẹ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọmọ mi fi wọlé, pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, ó wá fi ìwọ̀n pákó wé ti àwòrán fún ìgbà ìkẹyìn kí ó tó fi í ránṣẹ́. Ó rí mi níbi tí mo nà sí. Mo rò pé á bínú. Ó gbé téèpù sílẹ̀, ó ní kí ọmọkùnrin náà máa lọ, ó sì gba ìsàlẹ̀ sítírẹ́ṣà lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni Ẹnu-Ayùn ṣe wà níbi orí mi, tó ń fẹ̀yìn rìn lọ níwájú, tí ọmọ mi sì wà níbi ẹsẹ̀.

Ẹnu-Ayùn ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọ̀lẹ fúyẹ́ jù yín lọ o. Bẹ́ẹ̀ ẹ ní ẹ kì í jẹun mọ́."

Òkè nìkan lèèyàn máa ń rí bó bá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí ìlà tí a fi ẹfun fà sókè, níbi tí ọ̀pá máa gbà, mo rí orí ìṣó tí mo kàn, wọ́n ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọn ò kọjá mọ́. A ti dé igun. Sítírẹ́ṣà gbá lápá ọ̀tún, ó gbá lápá òsì. Mo gbọ́ tí Ẹnu-Ayùn ń béèrè bóyá kí àwọn nà mí ró.

Mo ń wo ojú ọmọ mi láàárín bàtà mi méjèèjì.

Ó ní, "A ò ní nà wọ́n ró."

"Íńjíníà, apá mi fẹ́ já."

"Ẹ ṣe sùúrù. A ò ní nà wọ́n ró."

Wọ́n sún mi sẹ́yìn, wọ́n sún mi síwájú, wọ́n gbé mi ga, wọ́n rẹ̀ mí sílẹ̀. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹnu-Ayùn fẹ̀yìn gbá nǹkan, ó bú u. Ilẹ̀kùn kan ni, kékeré, ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, gan-an níbi tí igun ti yà. Ọmọ mi béèrè ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Aṣọ ibùsùn," Ẹnu-Ayùn dáhùn. "Yàrá tí wọ́n ń kó o sí. Kì í ṣe ara tiyín, àwọn tó ń ya yàrá sísùn ló ya á."

Ọmọ mi ní kó ṣí i. Ilẹ̀kùn náà ń ṣí síta, sítírẹ́ṣà ò jẹ́ kó ṣí. A padà sẹ́yìn, Ẹnu-Ayùn gbé orí mi ka orúnkún rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan fa ilẹ̀kùn, ó sì fẹ̀yìn wọlé. Wọ́n ti orí mi wọ ibẹ̀ títí dé àyà. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ń rùn bíi pákó tuntun, pẹpẹ kan ń fọwọ́ ra mí létí. Níta, mo gbọ́ tí ọmọ mi ń rọra gbé ẹsẹ̀ mi yí sọ́wọ́ òsì, bí awakọ̀ tó ń yí ọkọ̀ padà ní ọ̀nà tóóró. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ẹnu-Ayùn máa bọ̀. Mo jáde láti inú yàrá náà, mo yà, wọ́n sì gbé mi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú. Mo ṣì wà ní dídùbúlẹ̀ bí mo ṣe wà.

Ẹnu-Ayùn jókòó sílẹ̀, ó ń ra apá. Ọmọ mi padà lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn kékeré náà, ó fi téèpù wọn inú yàrá yẹn, ó tún un wọ̀n.

Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi. Mo ní kò tíì tó. Mo ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ó sì ń ṣí sọ́nà ibi tí aláìsàn ti ń bọ̀.

Ọmọ mi ní, "A ó kọ ọ́ sára rẹ̀."

"Ṣé ẹni tí èéfín wọ̀ lójú ń kàwé ni?"

Ó ní a lè yí i kó máa ṣí sínú. Mo ní pẹpẹ ò ní jẹ́ kó ṣí. Ó ní a lè ké pẹpẹ kúrú. Mo ní ọjọ́ tí aṣọ bá já lulẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ńkọ́. Mo mọ̀ pé mo ń le koko mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ì bá ti ní kí n dákẹ́ tipẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹnu-Ayùn, ó na ẹsẹ̀, ó gbé orí ti ògiri, ó sì wo ilẹ̀kùn náà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ gbogbo ti sú.

"Kí ilẹ̀kùn má wulẹ̀ sí mọ́," ló wí. "Ká ta aṣọ ìkélé síbẹ̀. Ká yọ pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ òsì. Èèyàn á kàn gbórí wọlé."

Mo wá ohun tí mo lè fi ta kò ó. Mi ò rí.

A gbé e lọ bá Ẹ-Tún-Un-Ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ mi ṣàlàyé ti ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, ó ṣàlàyé bí a ṣe gbé mi, ó ya á síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ìyípadà kankan lásìkò yìí gbọ́dọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ ò ní jókòó kí wọ́n tó gé irin, a lè fi í dúró de ọkọ̀ kẹta. Mo ti ń dìde. Mo ti gbọ́ èyí tó tó mi.

Ọmọ mi ò dìde. Ó ní, "Ilẹ̀kùn irin kan ló máa kúrò, òun àti férémù rẹ̀, àti pẹpẹ kan."

Ẹ-Tún-Un-Ṣe gbé orí sókè. "Yóò kúrò pátápátá?"

"Pátápátá."

"Kò sí ohun tó máa rọ́pò rẹ̀?"

"Aṣọ."

Láti ìgbà tí mísáìlì ti sanra ni ọkọ̀ náà ti wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ tó bá wúwo lókè, ìgbì á máa fì í. Ẹ̀rù èyí ló ń ba gbogbo wọn, débi pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìjókòó kan kún inú ọkọ̀ á rojọ́ títí ẹnu rẹ̀ á fi gbẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yọ nǹkan kúrò, kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìdí. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Ẹ-Tún-Un-Ṣe fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ sí i lórí ìjókòó tó wà, ó sì fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ dùn. Ó bi wá pé kí ló dé tí a ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ egungun yẹn ì bá má ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lójú ọ̀nà, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ mi, mo kà á. Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Mo yí i padà bóyá nǹkan kan wà lẹ́yìn. Òfìfo ni.

Mo bi í pé, "Aláìsàn dà níbí?"

"Bàbá mi, wọ́n ti fọwọ́ sí i." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà rí, àwọn tó ń jó irin sì ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Mo ní ẹnì kan á wá lọ́jọ́ iwájú, ọkọ̀ á ti fúyẹ́ nígbà náà, á wo ibẹ̀, á ní ilẹ̀kùn ló yẹ kó wà níbí, á sì dá a padà. Kò ní sí ohun tí á fi mọ̀ pé ìdí mìíràn wà. Mo ní wọn ò gbọ́ tiwa rárá, ilẹ̀kùn ni wọ́n gbọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí òun ti la ẹnu.

A padà sí Ilé Pákó láti yọ ilẹ̀kùn náà, torí pé ohun tó bá yí padà lórí ìwé gbọ́dọ̀ yí padà ní pákó lọ́jọ́ kan náà. Ẹnu-Ayùn ti dá Ọ̀lẹ padà sórí sítírẹ́ṣà, ó sì ti bó aṣọ iṣẹ́, ó ń lọ sílé. Mo fa ìṣó yọ lókè, mo fà á yọ nísàlẹ̀. Ọmọ mi di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú lù mí. Nígbà tó já, ó gbé e lé èjìká. Pákó lásán ni, kò wúwo. Mo dúró ní igun náà, tó ṣì há bó ṣe há, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ibo ni kí n gbé e sí?"

Mo ní kó gbé e síbi tí ojú mi ò ti ní máa rí i.